Ohun Tí Ojú Wa Rí: Ọkọ̀ Apẹja Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìlú Jos àti ní àyíká rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi ara yín léèrè ìdí tí ojú ewé wa yìí fi ṣófo ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ṣeun tí ẹ fẹ́ wa kù. Ìlú Ọba ni a lọ, lọ́dọ̀ ọmọ wa ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ. Ìròyìn ìsọmọlórúkọ náà wà ní ojú ewé kejì pẹ̀lú ti àwọn ọmọ tuntun yòókù, nítorí náà a kò ní sọ ju èyí lọ níhìn-ín: ìyá ń bẹ ní àlàáfíà, ọmọ ń bẹ ní àlàáfíà, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá wa yọ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí kí a ròyìn ààfin ọba àti àwọn afárá Lọ́ńdọ̀nù. A rí wọn, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wa délé, tí kò jẹ́ kí a gbádùn oorun lóru ọjọ́ tí a rí i, ilé kékeré kan ni, ní etí òkun, ní ìlú àwọn apẹja kan tí à ń pè ní Hastings. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ wa, ó sì kan àwa tí à ń kọ ìwé yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ kò ní ṣàì rántí orúkọ Hastings. Òun ni à ń fi orúkọ rẹ̀ pe ogun ọdún 1066, nígbà tí William ti Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú náà wà ní gúúsù ilẹ̀ wọn, rélùwéè sì ń gbé ni láti Lọ́ńdọ̀nù dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ọmọ ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó ní òun fẹ́ mú bàbá àgbà lọ wo òkun nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọmọdé bá ní kí àgbà wá, àgbà a wọ bàtà rẹ̀.

Etíkun náà kò ní iyanrìn bíi ti Èkó. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó kún ibẹ̀, ó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ọkọ̀ apẹja wọn kò sí lórí omi. Orí òkúta gbígbẹ ni wọ́n jókòó sí ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, bí màlúù tí ó jẹun yó. A bèèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sì sọ fún wa pé ìlú náà kò ní èbúté. Wọ́n gbìyànjú láti kọ́ ọ̀kan ní ọdún 1896, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí, apá kan rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sì wà nínú omi títí di òní bí ilé tí owó tán lọ́wọ́ onílé.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá ń lọ sójú omi, títì ni wọ́n ń tì í sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dé, wọ́n á fi okùn fà á gòkè padà. Láyé àtijọ́, ẹṣin ni ó ń yí igi ńlá kan po tí okùn fi ń ká mọ́ ọn. Lónìí ẹ̀rọ ni ó ń ṣe é. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: nítorí pé a gbọ́dọ̀ máa fà á gòkè, ọkọ̀ wọn kò lè tóbi. Kò gùn ju mítà mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ kékeré kò sì lè lọ jìnnà, kò lè gbá inú òkun mọ́ bí ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń gbá a. Wọ́n ń pa ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní sole, wọ́n ń pa ṣáwá, wọ́n sì ń pa èyí tí àwọn ìyá wa lọ́jà Jos ń pè ní Titus. Ohun tí ó jọ àìní ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí wọ́n ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń fa ọkọ̀ gòkè ní ibi kan náà.

Lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ náà ni a ti rí àwọn ilé onígi dúdú kan, tí ó tó bí ogójì, tí wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ga fíofío. Ìdí wọn kò ju mítà méjì ààbọ̀ lọ ní ìbú àti ní òró, ṣùgbọ́n wọ́n ga bí ilé alájà mẹ́ta. Inú wọn ni àwọn apẹja ń kó àwọ̀n àti okùn sí. Láyé ìgbà tí a ń fi òwú àti okùn igi ṣe àwọ̀n, bí ó bá tutù, jíjẹrà ni yóò jẹrà. A gbọ́dọ̀ kó o sí ibi gbígbẹ. Àyè kò sì sí, nítorí òkè gíga wà lẹ́yìn wọn, òkun wà níwájú. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ kóńkó, òkè ni yóò kọ́lé sí. Wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú kí òjò má baà pa á. Nígbà tí a rí i, àwọn yàrá tí bàbá wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbà nígbà tí wọ́n dé Jos ni ó wá sí wa lọ́kàn, níbi tí ènìyàn márùn-ún ti ń sùn tí ẹrù ọjà sì ga dé àjà.

Ọmọ ọmọ wa wá fà wá lọ́wọ́ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja. A dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ó ṣi ilé wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò sí àní-àní. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí àwọn olùjọsìn jókòó sí, ọkọ̀ ojú omi kan ni ó wà níbẹ̀, odidi ọkọ̀ onígi, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àárín ilé tán. Àwọ̀n ń bẹ lára ògiri, àwòrán àwọn apẹja àtijọ́ ń bẹ níbẹ̀, àwọn onírùngbọ̀n tí oòrùn àti iyọ̀ òkun ti fá lójú. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a fi ọwọ́ gbẹ́ náà wà níbẹ̀. A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí kan ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn tí wọ́n sì ń tọ́jú ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìgba owó.

Ìtàn ilé náà nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ni, a kọ́ ọ ní 1854 fún àwọn apẹja àti ìdílé wọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ìsìn dáwọ́ dúró níbẹ̀, àwọn ológun sì gbà á. Lẹ́yìn ogun, a kò yà á sí mímọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni ìbá wó sí. Ṣùgbọ́n ní 1952 àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ohun àtijọ́ wọn, Old Hastings Preservation Society ni orúkọ rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì sọ ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956.

Orúkọ ọkọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ ni Enterprise, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni RX 278. Ìlú Rye, tí ó wà nítòsí, níbi tí a ti forúkọ àwọn ọkọ̀ wọn sílẹ̀, ni RX yẹn dúró fún. Ní 1912 ni wọ́n kàn án. Òun ni ìkẹyìn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kàn ní Hastings láti máa fi ìgbòkun nìkan rìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì fẹ́ gbé e wọ inú ilé yìí, ó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Ṣé wọ́n sọ pé ó dọwọ́ Ọlọ́run, kí wọ́n wá fi dáná? Rárá o. Apá kan ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wó, wọ́n gbé ọkọ̀ wọlé, wọ́n sì mọ ògiri padà.

Títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì máa ń ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́ nínú ilé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọmọ apẹja yóò gba orúkọ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí ó bá bàbá ńlá rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí a gbọ́ èyí, a rántí ọmọ tuntun tí a fi sílẹ̀ nílé, a sì bi ara wa léèrè pé lábẹ́ kí ni àwa fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́.

Nǹkan méjì mìíràn ni a gbọ́ ní ìlú náà tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbọ́. Èkíní ni pé àwọn apẹja ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1900 láti máa ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́. Winkle Club ni wọ́n ń pè é. Ìṣáwùrú ni winkle, ìgbín kékeré inú omi. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa mú ìkarahun ìṣáwùrú kan kiri lára rẹ̀. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdé rẹ̀ níbikíbi tí ó ké sí i pé kí ó gbé ìṣáwùrú rẹ̀ sókè, tí kò bá rí i mú jáde, yóò san owó ìtanràn, owó náà yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní. Winston Churchill pàápàá wọ ẹgbẹ́ náà ní 1955. Ẹ̀yin akápò wa, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí a bá ní kí gbogbo wa máa mú káàdì ẹgbẹ́ dání lọ́nà bẹ́ẹ̀, àpótí wa ìbá ti kún kí oṣù tó parí.

Èkejì ni ti ọkọ̀ ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amsterdam. Ti ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ńlá àwọn ará Hólándì ni. Ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń rìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ayé, ó sì ru fàdákà, tí ó fi gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ etíkun yẹn ní 1749. Ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn dáadáa, egungun ìhà rẹ̀ a yọ jáde. A ro ó títí: ọkọ̀ olówó wà nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ tálákà wà nínú ilé. Kì í ṣe owó ni ó fi ìyàtọ̀ sí wọn. Ẹni tí ó rí ọ̀kan bí ohun tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá wa nìyí. Àtẹ̀gùn wà tí a fi ń gun orí Enterprise. Ọmọ ọmọ wa gùn ún, ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń wo iwájú bí ẹni tí ó rí òkun. Ó wá yíjú padà, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé irú ọkọ̀ báyìí ni bàbá yín wọ̀ lọ sí Jos?”

A rẹ́rìn-ín. A ní, “Rárá, ọmọ mi. Jos jìnnà sí òkun. Orí òkè ni. Rélùwéè ni wọ́n wọ̀ láti ilé, àwọn mìíràn wọ lọ́rì, ẹsẹ̀ ni àwọn kan sì fi parí rẹ̀.”

Ó ní, “Kí ni wọ́n gbé wá?”

A ní, “Àpótí onípáànù, ẹní, aṣọ títà, àti ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ gbèsè sí.”

Ó ní, “Bí mo bá wá sí Jos, ṣé ẹ óò fi hàn mí?”

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fún un. A ní kí ó sọ̀kalẹ̀ kí ó má baà ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn bàbá wa ní ni kò sí mọ́ láìṣe ẹ̀bi wa. Ìjà ọdún 2001 jó ilé, ó jó ìsọ̀, kò bèèrè ohun tí ó wà nínú àpótí. A kò lè bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí tí iná jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí iná kò jẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín yóò rántí ìgbà tí a tún òrùlé ilé ìpàdé wa ṣe. Wọ́n kó àpótí mẹ́ta jáde láti abẹ́ pèpéle: àwọn ìwé ìpàdé àtijọ́, ìwé owó àdáwọ́jọ, àti àwòrán tí kòkòrò ti ń jẹ etí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní kí a kó pàǹtí náà dànù kí ilé lè mọ́. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Àwa pàápàá ni a sọ pé, “Ta ni yóò tún ka èyí?” Ìyá alákàrà tí ó wà ní ìkóríta ni ó gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a rán. Kò jí wọn. A fún un ni.

Ọjọ́ kejì tí a ti Ìlú Ọba dé, a kò tíì tú ẹrù tán tí a fi lọ bá a. A rò pé kò lè sí nǹkan kan mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, èyí tí ó le ni ó kù. Kì í fa epo.” Ó fa ìdajì ìwé kan jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ojú ewé mẹ́tàdínlógójì ni ó kù nínú rẹ̀. A fẹ́ sanwó fún un, ó kọ̀. A ra àkàrà rẹ̀, a sì jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, a ń ka ìwé.

Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn bàbá wa nìyẹn, ó tẹ̀ sí ọ̀tún bí ọkà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ṣílè àti tọ́rọ́ àti sísì. Ẹni báyìí san ṣílè kan. Ẹni báyìí kò tíì san, ó ṣàìsàn. Ojú ewé kan sọ nípa aláṣọ kan tí ó kú, tí kò ní ará ní Jos. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sin ín, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tí ó ṣẹ́kù ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti ẹní rẹ̀. Àmì ìka ọwọ́ ẹni tí ó gbé ẹrù náà lọ wà nísàlẹ̀, nítorí kò mọ ìwé kọ. Ẹ̀yin ará wa, àkàrà ni a fẹ́ fi èyí dì.

Ìlú tí à ń gbé yìí kò ṣàìní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti Jos ti wà láti 1952. Nílé, ti Ẹ̀ṣìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà, ti wà láti 1945. Rélùwéè kékeré tí ó ń ti Zaria wá sí òkè Jos láti 1914, èyí tí wọ́n pa tì ní 1957, ẹ̀rọ ọkọ̀ kan láti ojú irin rẹ̀ ni a tọ́jú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos. Ìjọba tọ́jú ẹ̀rọ tí ó fa ọkọ̀. Ta ni yóò tọ́jú ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí itan? Kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa ṣe é. Apẹja ni ó tọ́jú ohun apẹja ní Hastings. Wọn kò dúró de ọba.

Nítorí náà, a ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀, a sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn fún ipa tí a kó. Wọ́n gbà kí a kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan sí ara ògiri ilé ìpàdé, ní ọ̀tún bí a bá wọlé. Owó rẹ̀ kò ní ti inú àpótí ẹgbẹ́ wá. Àwa tí a da ìwé nù ni yóò san án. Ojú ewé mẹ́tàdínlógójì náà ni yóò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Kí a tó kan kọ́bọ́ọ̀dù tán, opó kan nínú wa ti gbé irin ìlọṣọ eléèédú ọkọ rẹ̀ wá, èyí tí ó fi lọ aṣọ fún àwọn akọ̀wé rélùwéè tí ó fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́. Ó ní kí a má ṣe nù ún dán, pé bí ó ṣe rí lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ òun ni kí ó rí.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ wo abẹ́ ibùsùn. Ẹ wo orí àjà. Ìwé owó orí àtijọ́, tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, òṣùwọ̀n aṣọ, ìwé èésú, pátákó tí a kọ orúkọ ìsọ̀ sí, ẹ má ṣe sọ pé kò jẹ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ní àwòrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n tó ṣíwọ́ mímọ̀ wọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ohun tirẹ̀ kúrò nílé, kí ó jẹ́ kí a wá wò ó kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ̀yin gan-an ni a ń wá. Ọjọ́ ìpàdé ni a óò máa gbà á, lẹ́yìn àdúrà, kí a tó ka orúkọ àwọn onígbèsè.

Ọmọ ọmọ wa ní òun ń bọ̀ ní ọdún tí ń bọ̀ láti wá wo ohun tí àwọn bàbá gbé wá. A ti sọ fún un pé kí ó máa bọ̀.